Ṣé N Óò Jí? Ìtàn Oògùn Akùnnilóorun àti Ìbéèrè Aláìsàn

Kò wọ́pọ̀ kí a sọ fún aláìsàn pé a óò kùn ún lóorun kí a tó fi abẹ kàn án, kí ó má ní ìbéèrè nínú. Àwọn kan a máa bi dókítà. Àwọn mìíràn a máa bi ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ a sì gbé e mì, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a pe àwọn ní ojo. Ìbéèrè tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: Ṣé n óò jí? Ṣé n kò ní mọ ìrora? Kí ló dé tí n kò gbọdọ̀ jẹun? Ṣé dandan ni kí n sùn? Àwọn kan nínú àwọn oníṣègùn a máa ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rù aláìmọ̀kan. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá tọ ipa ìtàn oògùn akùnnilóorun láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a óò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rin náà tí ẹnì kan kò ti fi ara tàbí ẹ̀mí rẹ̀ san owó ìdáhùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí bí ayé ti rí nígbà tí kò sí oògùn náà. Àwa Yorùbá mọ ohun tí abẹ ń ṣe lára: olóòlà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo, tí ó sì lọ́ra, kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìyára ọwọ́ ni òkìkí Robert Liston, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi kàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1811, ní ìlú Paris, wọ́n gé ọmú Fanny Burney, obìnrin òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọtí wáìnì nìkan jẹ́ ohun tí ó mu láti fi mú ọkàn le. Ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sì ròyìn bí òun ti ké láti ìgbà tí abẹ wọ ara òun títí ó fi jáde. Obìnrin náà yè, ó sì wà láyé títí di ọdún 1840. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjọ́ náà ni ojú gbogbo ẹni tí abẹ kàn nígbà náà ń rí.

Ìmọ̀ tí ó fi òpin sí èyí kò dé lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 1800, Humphry Davy kọ ọ́ sínú ìwé pé gáàsì apanilẹ́rìn-ín lè wúlò fún iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1842, Crawford Long ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi ether kun ọkùnrin kan lóorun, ó sì gé kókó kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde títí di ọdún 1849. Horace Wells, oníṣègùn eyín ní Hartford, lo gáàsì náà fún eyín ara rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1844. Nígbà tí ó fẹ́ fi í han àwọn ènìyàn ní Boston ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tètè gba àpò gáàsì kúrò lẹ́nu aláìsàn, aláìsàn ké, wọ́n sì fi Wells ṣẹ̀sín. William Morton ni orí bá ṣe é. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, ní ilé ìwòsàn ńlá Massachusetts ní Boston, ó mú kí Gilbert Abbott fa èéfín ether símú, John Collins Warren sì fi abẹ kan wúwú tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, aláìsàn kò sì pariwo. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, Liston tìkára rẹ̀ ti fi ether gé ẹsẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ìyára ọwọ́ kò ti jẹ́ olórí ẹ̀bùn oníṣẹ́ abẹ mọ́.

Oliver Wendell Holmes ni ó dámọ̀ràn orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe ìmọ̀ yìí, láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju àìmọ̀lára lọ. Àwa kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti inú gbólóhùn wa pé "oorun ń kùn mí" ni a ti fa "akùnnilóorun" yọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì ń tu ẹlẹ́rù nínú. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti jáde.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí a fi oògùn kùn kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì: a kò lè pè é kí ó jẹ́, a kò lè fọwọ́ gbá a kí ó ta jí, àfi bí oògùn bá kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bèèrè pé "Ṣé n óò jí?" mọ̀, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé, pé oorun yìí kì í ṣe oorun orí ẹní. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1847, James Young Simpson ní Edinburgh àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi chloroform dán ara wọn wò, wọ́n sì ṣubú sábẹ́ tábìlì. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta sí i, ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1848, tí wọ́n fẹ́ yọ èékánná ẹsẹ̀ ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 kan, Hannah Greener, ní Winlaton lẹ́bàá Newcastle. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà púpọ̀. Wọ́n da chloroform sí aṣọ, wọ́n fi bo imú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó kú. Simpson ní ọtí àti omi tí wọ́n fi sí i lẹ́nu láti jí i ni ó pa á. John Snow ní rárá, àpọ̀jù oògùn ni, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè mọ ìwọ̀n ohun tí ń jáde láti inú aṣọ.

Snow yìí ni a lè pè ní ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ ìkùnnilóorun di iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní àkọ́yé. Ó ṣe ẹ̀rọ tí a lè fi díwọ̀n èéfín tí aláìsàn ń fà. Òun ni ó sì fún Ọbabìnrin Victoria ní chloroform nígbà tí ó ń rọbí ní ọdún 1853 àti 1857. Síbẹ̀, ikú kò tán. Ní ọdún 1911 ni A. G. Levy fi hàn pé kì í ṣe àpọ̀jù nìkan ni ó ń pani: bí chloroform kò bá tíì wọra dáadáa, tí adrenaline sì dé inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dédé máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, kí ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Adrenaline yìí sì ni ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bani. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo èyí dáadáa: ẹ̀rù aláìsàn, tí àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀, lè jẹ́ alájọṣe májèlé. A ti pa chloroform tì nílé iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Ìdáhùn òde òní sí ìbéèrè náà ni pé ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn, tí kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ni ó ń mú un padà. Láti ìgbà tí Takuo Aoyagi, ará Japan, ti hùmọ̀ ọ̀nà tuntun ní àárín ọdún 1970 sí 1975, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há orí ìka ti ń sọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé, lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ náà máa ń kùnà láti fi àìtó ọ́síjìn hàn ní ìwọ̀n bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, àwa gan-an ni ó yẹ kí a máa bèèrè jù.

Ìbéèrè kejì ni ti ìrora. Abbott fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn iṣẹ́ pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń họ òun lọ́rùn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà náà, ni oorun náà ti ní ìpele. Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i nígbà tí curare dé. Májèlé tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ń fi kun orí ọfà ni. Kì í pa ọkàn. Iṣan tí a fi ń gbé ara àti èyí tí a fi ń mí ni ó ń sọ di aláìlágbára. Ní ọdún 1814, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi í sára abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, wọ́n sì fi ẹwìrì fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí májèlé fi lọ. Ẹranko náà yè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, Harold Griffith àti Enid Johnson lò ó fún aláìsàn ní Montreal, kí iṣan ikùn lè dẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ewu rẹ̀ sì ni òwe wa ti sọ tẹ́lẹ̀: adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹni tí kò lè mira lè máa gbọ́, kí ó sì máa mọ̀ ọ́n lára. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé curare fúnra rẹ̀ ń kunni lóorun, títí di ọdún 1947 tí dókítà Scott Smith jẹ́ kí wọ́n fi í sí òun lára láìsí oògùn mìíràn. Kò lè gbé ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ròyìn gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Bìrìtìkó ní ọdún 2014 rí i pé nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 19,000 ni ó ń sọ pé òun ta jí lábẹ́ abẹ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó kan orílẹ̀-èdè wa. Èso kan wà ní Calabar tí àwọn Efik ń pè ní esere, tí wọ́n ń fún àwọn tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1900, Jakob Pal ní Vienna rí i pé oògùn tí a yọ láti inú èso náà ń ṣẹ́gun curare. Ní ọdún 1931, a ṣe neostigmine ní àwòṣe rẹ̀, a sì ń lò ó títí di òní láti fi dá agbára iṣan padà fún aláìsàn. Májèlé tí a fi ń dájọ́ ikú di ohun tí ń dá èémí padà.

Ní ti oúnjẹ, àwọn aláìsàn a máa rò pé ìyà lásán ni àwẹ̀ náà. Curtis Mendelson ni ó là wá lóye ní ọdún 1946. Nínú oyún 44,016 tí ilé ìwòsàn kan tọ́jú ní New York láàárín ọdún 1932 àti 1945, ó rí àwọn 66 tí ohun inú ikùn wọn sọdá sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí oògùn kùn wọ́n lóorun. Oúnjẹ líle sì fún àwọn méjì lọ́nà ọ̀fun pa. Ó fi ehoro dán an wò, ó sì rí i pé omi kíkan inú ikùn ń jó ẹ̀dọ̀fóró bí iná. Nígbà tí a bá sùn lásán, ọ̀fun wa kì í sùn pátápátá. Oògùn a máa mú òun náà lọ. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ lónìí fún àgbà tí kò ní ìṣòro mìíràn ni wákàtí 6 láìjẹun àti wákàtí 2 láìmu omi. Aláìsàn tí ó bá jẹ nǹkan, kí ó sọ ọ́. Ìtìjú níbẹ̀ léwu ju ebi lọ.

Ìbéèrè kẹrin ni ó dé kẹ́yìn nínú ìtàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1884, ayé gbọ́ pé Carl Koller ní Vienna ti fi kokéènì pa ìmọ̀lára ojú nìkan, tí aláìsàn sì wà lójúfò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, August Bier ní Kiel fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn aláìsàn, ìdajì ara ìsàlẹ̀ kú tipiri. Ó dán an wò lára òun àti Hildebrandt, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lu Hildebrandt lójúgun, kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì, orí fífọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà kẹta tún dé, tí a fi oògùn díẹ̀ mú kí aláìsàn máa tòògbé, ṣùgbọ́n tí ó ń dáhùn bí a bá pè é. Rárá, kì í ṣe dandan ní gbogbo ìgbà kí a sùn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa, àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, "oorun". Bí dókítà bá ní ìtòògbé lọ́kàn, tí ògbufọ̀ sì sọ fún ìyá àgbà pé "Ẹ óò sùn, mama", nígbà tí mama bá gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lórí ara rẹ̀, yóò gbà pé oògùn kò ràn ni, jìnnìjìnnì yóò sì bò ó. Ó yẹ kí a máa sọ "ìkùnnilóorun" fún èyí tí ó gba gbogbo ara, "ìtòògbé" fún èyí tí a ti ń dáhùn ìpè, àti "kíkú ara lójú kan" fún ti Koller àti Bier. Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan nínú wọn. Ohun tí ó kù ni kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, kí a sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn nọ́ọ̀sì.

Hannah Greener bẹ̀rù kí ó tó kú, ìtàn sì fi hàn pé ẹ̀rù rẹ̀ kò ṣìnà. Ìmọ̀ tí ó ti ti ọwọ́ irú rẹ̀ jáde pọ̀ tó láti dá gbogbo aláìsàn lóhùn lónìí. Ẹni tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fún un lésì ní èdè tí ó yé e, kí abẹ tó kàn án.