Ìjẹ́wọ́ Kékeré, Ìbáwí Ńlá: Ọgbọ́n Ìlúmọ̀ọ́ká Níwájú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Yorùbá ní ẹni tó bá máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀: ìlúmọ̀ọ́ká tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ń dán ni wọ́n ń pè. Wọ́n gbà pé òkìkí rẹ̀ ni yóò mú kí ọ̀rọ̀ wọ ọ̀dọ́ létí. Èrò tèmi yàtọ̀. Òkìkí a máa kó èèyàn jọ, àmọ́ kì í yí wọn lọ́kàn padà. Ẹni tó bá fẹ́ yí wọn lọ́kàn padà yóò kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi àyè tó bá rí gbà níbẹ̀ sọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé Chimamanda Ngozi Adichie sọ ní Yunifásítì Harvard lọ́jọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2018. Class Day ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pe àlejò. Ọjọ́ kejì ni ayẹyẹ yunifásítì gan-an, níbi tí aṣòfin Amẹ́ríkà John Lewis ti sọ̀rọ̀. Òkìkí Adichie ti kàn nígbà náà. Purple Hibiscus ti jáde láti 2003, Half of a Yellow Sun ti gba ẹ̀bùn Orange ní 2007, Beyoncé pàápàá ti fi ohùn rẹ̀ sínú orin ní 2013. Olórí àṣẹ tó wá pa nìyí: ẹ má ṣe parọ́.

Bó bá jẹ́ pé àṣẹ yẹn nìkan ló pa, ìwàásù lásán ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi irọ́ tirẹ̀ ṣáájú. Ó ní òun máa ń fi díẹ̀ kún gíga òun. Ó ní bí òun bá ti pẹ́ kí òun tó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ jẹun, òun a ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló dá òun dúró, bẹ́ẹ̀ òun ò tíì kúrò nílé. Ta ni kò mọ irọ́ yẹn láti Agége dé Ìkẹjà? Èèyàn ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì l'Ọ́gbà, ó gbá fóònù mọ́ etí, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Ìkẹjà Along, ọkọ̀ ò kàn rìn ni!" Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ náà.

Ìjẹ́wọ́ kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ṣáájú èyí tó kọ́kọ́ jáde, òun rí i pé kò dára, òun sì tì í mọ́ inú àpótí tábìlì. Níbi yìí, òtítọ́ ti ní iye owó lórí.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ìbáwí. Ó ní obìnrin atọ́kùn ètò kan ti fi orúkọ òun, Chimamanda, kọ́ra títí, síbẹ̀ nígbà tó dé orí ìtàgé, "Chimichanga" ló pe òun, orúkọ oúnjẹ díndín kan. Nígbà tí Adichie sọ ìtàn yìí níbi àsè kan, inú bí ẹnì kan pé Adichie kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ìwọ̀sí. Èsì Adichie ni pé ẹ̀rù àṣìpè ló mú obìnrin náà ṣì í pè. Ohun tó wà lọ́kàn èèyàn àti ipò tó wà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ìgbà náà kì í pẹ́ bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn gan-an ló ń bá wí. Ká ní ó fi èyí bẹ̀rẹ̀ ni, wọn ìbá di etí.

Steve Jobs ti Apple náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Stanford ní 2005: ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ni pé òun ò gboyè jáde rí. Òǹkọ̀wé J. K. Rowling sọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀ tirẹ̀ ní Harvard ní 2008. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jobs ní kí wọ́n wá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ta ni yóò bá a jiyàn? Ohun tó ti wà lọ́kàn wọn ló sọ fún wọn.

Ẹnì kan lè ní ìjẹ́wọ́ irọ́ kékeré kò ná ọlọ́rọ̀ ní nǹkan kan, pé oníjìbìtì náà lè ṣe é. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìjẹ́wọ́ nìkan kò fi tó. Ohun tó bá tẹ̀ lé e la ó fi dán an wò. Ọ̀pọ̀ olówó Èkó máa ń sọ níwájú ọ̀dọ́ pé búrẹ́dì Agége làwọn ń tà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilé àti mọ́tò ni ìtàn náà ń parí sí. Fáàrí nìyẹn, kì í ṣe ìjẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, Ìkẹjà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun jó ilé olórin Fẹlá ní 1977, ó pa dà fìdí Shrine, ilé ijó rẹ̀, kalẹ̀ ní òpópónà Pepple. Ní alẹ́ Yábíìsì, ìyẹn alẹ́ èébú rẹ̀, ó máa ń bi èrò bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ èébú. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó máa bú lọ ló tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sanwó wọlé láti gbọ́ èébú. Ọ̀nà kan náà ni ọmọdé ń gbà sọ pé "tótó ó ṣe bí òwe" níwájú àgbà: ó ń tọrọ àyè kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ohun tí ìjẹ́wọ́ Adichie ṣe ní Harvard kò ju èyí náà lọ: àyè ló fi tọrọ.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń pe àlejò wá bá àwọn dókítà tuntun ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn LASUCOM sọ̀rọ̀ n'Ìkẹjà, tàbí àwọn àgùnbánirọ̀ ní ibùdó NYSC ní Ìyànà Ìpájà, yéé béèrè bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó. Kí wọ́n béèrè ohun líle tó ní láti sọ fún wọn, àti ohun tó máa sọ nípa ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Bí kò bá ní èyí àkọ́kọ́, eré ìnàjú ló wá ṣe. Bí kò bá ní èkejì, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ àkọ́kọ́.