Àkàsọ̀ Tí Kì Í Béèrè Ọmọ Ta Ni Ọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Old School RuneScape kò ní nǹkan kan. Erékùṣù kékeré kan ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́ ọ bí a ṣe ń gé igi, bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń fi àwọ̀n kó edé àti bí a ṣe ń yan búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jù ú sí ìlú Lumbridge pẹ̀lú àáké idẹ àti idà idẹ, kó lọ wá òòjọ́ rẹ̀. Adìyẹ àti màlúù ni yóò máa pa. Nídìí igi gígé, máàkì ìrírí 83 péré ló máa gbé e dé ìpele 2, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó fún un. Ìpele 99 tó jẹ́ òpin ńkọ́? Máàkì 13,034,431 ni. Èyí tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù ni pé ìpele 92 ni ìdajì ọ̀nà, torí máàkì 6,517,253 ló wà níbẹ̀.

Àwa ọmọ Ìbàràpá wà lórí àkàsọ̀ yìí náà. Nígbà ìsinmi, tí a bá ti padà sílé ní Igbó-Ọrà, fóònù la fi ń gùn ún. Àwọn ará ìta mọ ìlú wa sí ìlú ìbejì, wọn kì í sì í béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà ilé ló ń béèrè: kí lẹ ń wá nídìí fóònù títí di aago mẹ́ta òru? Ìdáhùn wa kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ìtàn tó nípọn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló sì kan àkàsọ̀ ọ̀hún.

Orí bébà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, géèmù tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti dáìsì. Jagunjagun tuntun bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Máàkì 2,000 ló máa gbé e dé ìpele kejì, 4,000 dé ìkẹta, 8,000 dé ìkẹrin, 16,000 dé ìkarùn-ún. Ẹ rí i pé ìlọ́po méjì ló ń di lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo géèmù tó tẹ̀ lé e ti jogún àṣà yìí, pé ìsàlẹ̀ a máa yá, òkè a sì máa pẹ́. Kò pẹ́ rárá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Illinois fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PLATO.

Ṣùgbọ́n Yunifásítì Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an. Ní 1978, ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tú sígboro lórí owó oúnjẹ, tí wọ́n ń pariwo "Ali Must Go", akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. MUD ló pè é. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni o máa kà: o wà lójú ọ̀nà, igbó wà ní ìlà-oòrùn, ẹnìkan dúró níwájú rẹ. Nígbà tó di 1980, Trubshaw fi iṣẹ́ náà lé Richard Bartle lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, òun ló sì parí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ mẹ̀kúnnù ni Bartle. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ gáàsì, ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ nílé ìwé. Ó ti ṣàlàyé nígbà púpọ̀ ìdí tí òun fi to ìpele sínú MUD. Ní Britain ìgbà náà, ilé tí wọ́n bí ọ sí àti ohùn tí o fi ń sọ̀rọ̀ ti tó fún àwọn kan láti pinnu ibi tí o máa dúró sí láyé. Òun àti Trubshaw fẹ́ ayé mìíràn, níbi tí ohun tí o bá ṣe nìkan ni yóò gbé ọ lékè. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí o bá rí ìṣúra, o máa lọ jù ú sínú irà kí o tó lè gba máàkì lórí rẹ̀. O kò lè kó o jọ fún ọmọ. Bí ẹnìkan bá pa ọ́ lójú ìjà, ẹ̀dá rẹ ti parí nìyẹn, o máa tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó bá sì gùn ún dé òkè pátápátá á di wizard, á ní agbára lórí ayé géèmù náà fúnra rẹ̀. Àkàsọ̀ náà kò mọ ọmọ ta ni ọ́.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú èrò yìí. Ní January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ Igbó-Ọrà sì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ ẹni tó lówó. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bàbá wa àgbà ni ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n gùn nínú ìdílé wa.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Essex tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yunifásítì ni MUD ń lò, iṣẹ́ ìwé ló sì ni ọ̀sán. Àwọn ará ìta tó fẹ́ tẹ tẹlifóònù wọlé wá ṣeré gbọ́dọ̀ dúró di òru, nígbà tí ẹ̀rọ bá ráyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ṣáájú wa mọ ìtàn yẹn dáadáa: káfẹ̀ òru, tí ènìyàn á san owó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tiwa ni dátà òru, tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn olóyè ilé bá ti ń hanrun. Láti Essex dé Ìbàràpá, òru ni wọ́n ń fi fún ẹni tí kò lówó ọ̀sán.

Àwọn géèmù tí ń gba owó oṣooṣù ló wá gba ìtàn náà mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. EverQuest jáde ní 1999, ó sì rorò: bí o bá kú, o máa pàdánù ìrírí, o tún máa rìn padà lọ wá òkú ara rẹ kí o tó rí ẹrù rẹ gbà. RuneScape tẹ̀ lé e ní January 2001. Andrew Gower, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ló kọ ọ́, inú bíróṣà lásán ló sì ti ń ṣiṣẹ́, o kò ní í fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Ní August ọdún yẹn gan-an ni GSM dé Nàìjíríà. Fún ọmọ tó ń yá kọ̀ǹpútà káfẹ̀ fún wákàtí kan, géèmù tí kò bèèrè ju bíróṣà lọ ni géèmù tó ṣeé ṣe.

World of Warcraft wá jáde ní November 2004, ìpele 60 ni òkè rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí a dúró wò. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, wọ́n ṣe é kí ẹni tó bá ti ṣeré pẹ́ jù máa gba ìdajì ìrírí, kó lè lọ sùn. Inú bí àwọn òṣèré. Ni àwọn aláṣẹ géèmù bá yí orúkọ ìṣirò náà padà: ìdajì tí wọ́n ń kùn sí di iye tó yẹ kí ènìyàn gbà, odidi tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ wá di ìlọ́po méjì, ẹ̀bùn fún ẹni tó ti sinmi. Kò sí ohun tó yí padà nínú ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ariwo dákẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjọba tó ń kéde owó ìrànwọ́ rí á mọ irú ìṣirò yẹn.

Lẹ́yìn náà ni òkè àkàsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga sí i. Ó di 70 ní January 2007, ó di 80 ní November 2008. Àwọn àgbà gbogbo ti kó lọ sókè, ọ̀nà ìsàlẹ̀ sì dá páropáro. Ẹni tuntun dé, kò bá ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà tó máa bá a pa ẹranko ńlá. Àwọn àgbà fúnra wọn náà fẹ́ dá ẹ̀dá kejì sílẹ̀, kò sì wù wọ́n láti tún gba gbogbo ìyà àkọ́kọ́ jẹ. A máa ń sọ ní Igbó-Ọrà pé Táyéwò ló lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé dúró gbọ́ ìròyìn kó tó jáde. Ẹ̀dá kejì nínú géèmù, Kẹ́hìndé ni. Ní 2008 wá ni wọ́n gbé aṣọ àti ohun ìjà ogún jáde: èyí tó ti dàgbà máa rà á, á fi ránṣẹ́ sí èyí tuntun, aṣọ náà á máa lágbára bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń gòkè, á sì tún máa fi kún ìrírí tó ń gbà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú Death Knight wá, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 55, fún ẹni tó bá ti ní ẹ̀dá mìíràn tó dé 55.

A fẹ́ kí ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ní Essex, wọ́n kan àkàsọ̀ kí ogún má bàa ní agbára. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ogún ti wọlé gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn. Ní 2014, Blizzard, tó ni World of Warcraft, wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún owó: pẹ̀lú dọ́là 60, ẹ̀dá tuntun fò dé ìpele 90 lọ́jọ́ kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó ra ìpele náà kò mọ ohun tí bọ́tìnnì ọwọ́ wọn ń ṣe, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà náà tà. Nígbà tí òkè àkàsọ̀ fi dé 120, òǹkà ti di ẹlẹ́yà, wọ́n sì gé e padà sí 60 ní 2020, bí a ṣe pààrọ̀ pọ́ùn kan sí náírà méjì ní 1973 tí kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó tàbí tálákà.

Ọ̀pọ̀ òṣèré kò fara mọ́ ọn. Ní August 2019, wọ́n ṣí èyí àtijọ́ padà, World of Warcraft Classic, pẹ̀lú gbogbo ìnira rẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí sáfà tó gbà wọ́n wọlé. Nínú géèmù fúnra rẹ̀, àwọn jagunjagun tò sórí ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti pa ẹranko kan ṣoṣo tó ń kú tó sì ń jí. Ìyẹn wú wa lórí ju bí a ṣe rò lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Ìsàlẹ̀ tó kún fún èrò ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí owó gbà dé orí àkàsọ̀, èyí sì sún mọ́ wa ju dọ́là 60 lọ. Bí ẹnìkan bá ní owó tí kò ní àkókò, ẹlòmíràn á wà tó ní àkókò tí kò ní owó. Láti Ṣáínà lọ, àwọn kan ń fi gbogbo ọjọ́ kó wúrà géèmù jọ láti tà fún dọ́là. Jagex tó ni RuneScape gbógun tì wọ́n: láàárín òpin 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 ni wọ́n de pàṣípààrọ̀ ọjà láàárín àwọn òṣèré, kò sì padà sípò títí di February 2011. Nígbà tó di 2017, tí owó Venezuela ti wó pátápátá, àwọn ará ibẹ̀ ń pa dragoni aláwọ̀ ewé nínú Old School RuneScape láti fi ra oúnjẹ. Àwọn òṣèré kan láti ilẹ̀ olówó kọ ìtọ́ni fún ara wọn bí wọ́n ṣe lè ṣọdẹ wọn. Ó ṣòro láti ka ìyẹn ní Nàìjíríà kí o má ṣe rántí ara rẹ.

Ní òpin October 2018 ni Old School RuneScape wọ orí fóònù, àárín wa níhìn-ín sì ni ìtàn náà wà báyìí. Ó bá wa mu fún ìdí kan tí kò hàn sójú: ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ni géèmù náà fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà díẹ̀ kò pa ọ́ lára bíi ti géèmù ìbọn. O lè gé igi pẹ̀lú ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, igi náà á dúró dè ọ́. Àmọ́ ẹ̀dá tuntun kò lè tajà fàlàlà. Nítorí àwọn olówò wúrà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe wákàtí 20, kó ní àpapọ̀ ìpele 100 àti máàkì iṣẹ́ àrán 10. Ọmọlúàbí àti ọlọ́ṣà jọ ń san ìtanràn náà ni, ẹni tó sì ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ ló ń san án pẹ́ jù.

Apá tó pọ̀ nínú géèmù náà, owó oṣooṣù ló ṣí i, dọ́là sì ni. Ní 2022, àwọn báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá kí ọdún yẹn tó parí. Ojú ọ̀nà tó kù fún wa nígbà náà ni bond. Ẹnìkan ní òkè òkun á fi dọ́là rà á lọ́wọ́ Jagex, á gbé e sọ́jà nínú géèmù, á gba wúrà. Àwa á fi wúrà náà rà á, á fún wa ní ọjọ́ 14 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wúrà ni bond kan. Ẹni tuntun tó ń pa màlúù tó ń ta awọ, tó ń gé igi tó ń ta pákó, òru púpọ̀ ni yóò lò kó tó kó o pé, ọjọ́ 14 náà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà bó bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yálà iná wà ní Igbó-Ọrà tàbí kò sí.