Èdè Méjì Lójú-Ewé Kan: Láti Abẹ́òkúta dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, dá Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òpó méjì ni a pín ojú-ewé rẹ̀ sí. Ní 1860, èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀. Ní 1867, Ìfọ́lé fi òpin sí i. Ìwé Ìròyìn Èkó (1888) àti Akéde Èkó (1928) náà lo èdè méjèèjì. Lórí bébà, ibi tí atẹ̀wé bá fi èdè kọ̀ọ̀kan sí ni yóò wà títí láé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Håkon Wium Lie gbé àbá CSS, ìlànà tí a fi ń ṣe ojú-ewé lọ́ṣọ̀ọ́, kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Òun àti Bert Bos jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, àjọ W3C sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 1996. Síbẹ̀, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí a dá ní pàtó fún títo òpó ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àtẹ, tí ó wà fún títo ìsọfúnni, ni àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́ yá lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yá float, tí ó wà fún jíjẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí àwòrán ká. Ìṣòro ohun àyálò kò pẹ́ hàn: bí a bá fi float gbé òpó méjèèjì, àpótí tí ó gbé wọn dání a máa sún kì, bí ẹni pé òfìfo ni. Flex àti grid ni ó yanjú èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni Firefox, Chrome àti Safari bẹ̀rẹ̀ sí í gba grid wọlé.

Ṣùgbọ́n ojú fóònù kò fẹ̀. Níbẹ̀, òpó méjì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni a sábà máa ń tò sí abẹ́ ara wọn, èyí tí a kọ́kọ́ kọ a sì wà lókè. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ kọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni Yorùbá yóò bá ara rẹ̀. Lóòótọ́, àṣẹ order lè pààrọ̀ ohun tí ojú rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka ìwé fún afọ́jú sábà máa ń tẹ̀ lé ètò bí a ti kọ ọ́. Nítorí náà, kí CSS tó dé ni a ti ń pinnu ipò Yorùbá. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀.