Èdìdì tí Ojú Kò Lè Rí

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímàgòmágó ti ń ba ìwé ìrìnnà jẹ́. Wọn a yọ àwòrán olówó rẹ̀ kúrò, wọn a sì lẹ ti ara wọn mọ́ ọn. Ní ọdún 1998 ni ìjọba Malaysia kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tín-ín-rín kan, tí à ń pè ní ṣípù, sínú ìwé náà. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007.

Nínú ṣípù yìí ni orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àwòrán ẹni náà wà, ìjọba sì fi èdìdì oníṣirò dì wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, èdìdì náà kò ní bá ọ̀rọ̀ mu mọ́. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, Lukas Grunwald, ará Jámánì, fi hàn ní gbangba pé a lè da gbogbo rẹ̀ kọ, àti èdìdì pẹ̀lú, sínú ṣípù mìíràn. Nítorí irú èyí ni a fi ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, tí kì í jáde, pamọ́ sínú àwọn ṣípù mìíràn: ẹ̀rọ ibodè a bi í ní ìbéèrè, kọ́kọ́rọ́ náà nìkan ni ó sì lè dáhùn.

Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá mú ìwé ìbí ẹlòmíràn tọ akọ̀wé lọ, tí akọ̀wé sì gbà á gbọ́, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò fi èdìdì tòótọ́ di irọ́ náà. Gbogbo ẹ̀rọ ni yóò jẹ́rìí sí i, ẹni tí ó sì ni orúkọ gan-an ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri.