Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rin Onitsha

Ọmọ mi bi mí léèrè pé, "Dádì, ṣé àwa Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí ni?" Wọ́n ti pè é ní àlejò ní síkúùlù. Mo ní kó wọ bàtà, ká jáde.

A wọ kẹ̀kẹ́ ní Upper Iweka, a sọ̀ ní Main Market, a fẹsẹ̀ rìn dé etí Odò Ọya. Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀tàn fún un. Lóṣù Keje 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring gúnlẹ̀ sí Onitsha. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà nínú rẹ̀. John Christopher Taylor náà wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Sàró. Ọbí Akazua gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn nílẹ̀. Crowther bá ọkọ̀ lọ sókè odò, Taylor dúró ti iṣẹ́ náà.

A gun òkè lọ sí Inland Town, a sì gba Odoakpu àti Fegge padà. Èkó ní tráàmù láti 1902 sí 1933. Ní tiwa, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni.

Nígbà tá a délé, ọmọ náà ní, "Dádì, ọkọ̀ kan náà ló gbé Yorùbá àti Ìgbò wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ mú àwọn ọmọ yín rìn o.