ÀWỌN AKỌNI TÓ Ń FI ÈRÒ ỌKÀN JÀ: IBO NI GÉÈMÙ YÌÍ TI WÁ?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó kọ tiyín sísàlẹ̀.

Àwọn òbí máa ń bi mí pé, "Pásítọ̀, ọmọdékùnrin inú géèmù tí ọmọ mi ń gbá yìí, ó kàn máa na ọwọ́ ni, òkúta á fò. Ó ń mọ ohun tó wà nínú ọkàn èèyàn. Ṣé kì í ṣe àjẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó dáhùn, ó yẹ kó mọ ìtàn nǹkan ọ̀hún. Ẹni tí ò mọ orísun odò, kí ló máa fi mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí?

Ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Lọ́dún 1882, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Society for Psychical Research. Ọ̀kan nínú wọn ni Frederic Myers, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà. Òun ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà "telepathy" lọ́dún yẹn kan náà: pé kí èrò ẹnì kan dé ọkàn ẹlòmíràn láìlanu, láìṣẹ́jú. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣiyèméjì nípa ìgbàgbọ́ tí àwọn òbí wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò fẹ́ gbà pé èèyàn ò ju ẹran-ara lọ, àmọ́ ìgbàgbọ́ nìkan ò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ebi ọkàn ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní Duke University, ìpínlẹ̀ North Carolina, J. B. Rhine ń fi káàdì 25 dán àwọn èèyàn wò. Àmì márùn-ún ló wà lára àwọn káàdì náà: òbìrí, àgbélébùú, ìgbì omi, onígun mẹ́rin àti ìràwọ̀. Ẹni tí wọ́n ń dán wò á sọ èyí tó kàn láìrí i. Bí èèyàn bá kàn ń méfò, bíi márùn-ún ló yẹ kó gbà nínú 25. Rhine sọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1934 pé àwọn kan ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo ta. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìdánwò náà ṣe, wọn ò rí ohun tí Rhine lóun rí.

Ìjọba náà ò gbẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet Union ń ṣọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, àjọ CIA àti iléeṣẹ́ ológun ń náwó lórí àwọn tó ní àwọn lè jókòó sí Amẹ́ríkà kí àwọn sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Stargate ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, wọ́n tì í pa lọ́dún 1995. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò wúlò fún iṣẹ́ amí kankan.

Ẹ wá gbọ́ ti Uri Geller, ará Ísírẹ́lì. Ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń fọwọ́ ra ọrùn ṣíbí títí á fi tẹ̀, á ní èrò ọkàn òun ló tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1973, wọ́n pè é sórí ètò Johnny Carson lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Carson fúnra rẹ̀ ti pidán rí, nítorí náà ó ní ṣíbí tiwọn ni kí wọ́n kó kalẹ̀, kí Geller má sì fọwọ́ kàn án ṣáájú. Ọkùnrin náà jókòó jókòó, kò rí nǹkan kan tẹ̀. Ó ní agbára ò wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Hà!

Síbẹ̀, nígbà tó dé Jàpáánì lọ́dún 1974, ìlú dàrú. Tàgbà tèwe ló ń ra ṣíbí níwájú tẹlifíṣàn. Ìran tó wà lọ́mọdé nígbà yẹn náà ló wá dàgbà tí wọ́n ń ṣe géèmù. Satoshi Tajiri tó dá Pokémon sílẹ̀, ọdún 1965 ni wọ́n bí i. Nígbà tí Pokémon jáde lọ́dún 1996, ẹ̀dá kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Kadabra, tó ń fi agbára ọkàn jà. Kí ló mú dání? Ṣíbí! Orúkọ rẹ̀ lédè Jàpáánì sì jọ orúkọ Geller débi pé Geller gbé Nintendo lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò tẹ káàdì Kadabra mọ́. Lọ́dún 2020 ni Geller fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ṣáájú Pokémon, géèmù kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ dáadáa. Shigesato Itoi ló kọ ọ́, ọkùnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà jẹun. Lákòókò yẹn, idà àti dírágónì ló kún inú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Itoi ní rárá, ọmọ àdúgbò lásán lòun fẹ́, tó dé fìlà, tó mú igi béésíbọ́ọ̀lù dání, tó sì ní agbára èrò ọkàn tí wọ́n ń pè ní PSI. Mother lorúkọ rẹ̀, 1989 ló jáde ní Jàpáánì. Ìkejì jáde lọ́dún 1994, ó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 pẹ̀lú orúkọ EarthBound. Kò tà níbẹ̀, àmọ́ lónìí àwọn tó gbá a lọ́mọdé ò jẹ́ gbàgbé ẹ̀.

Ness lorúkọ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ò sí nílé. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn lásán ni bàbá yẹn lórí tẹlifóònù. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, ó ń sọ pé kí ọmọ sinmi. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ṣùgbọ́n tí ẹ ò sí nílé, ẹ gbọ́ o! Ìgbà míì sì wà tí àárò ilé á mú Ness, tí kò ní lè jà dáadáa mọ́ àfi tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn!

Èmi ò ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dára o. Ọmọ ọba kan wà nínú rẹ̀ tó jókòó ṣe àṣàrò, tí ẹ̀mí kan wá gba ẹsẹ̀ rẹ̀, apá rẹ̀, etí rẹ̀, ojú rẹ̀, tó fi kan ọkàn rẹ̀, kó tó lè lágbára. Òbí tó jẹ́ onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó bá a sọ ọ́. Àmọ́ géèmù yìí kan náà fi ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan hàn tó ń kun gbogbo abúlé ní àwọ̀ búlúù, tó jí ọmọbìnrin gbé torí pé olórí wọn ní kí wọ́n ṣe é. Ìkìlọ̀ nìyẹn náà, ó sì kan àwa tá a di máíkì mú.

Ẹ wá gbọ́ ìparí ẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà dojú kọ ọ̀tá ìkẹyìn, Giygas, ibi tí kò ní ìrísí. Iná PSI ò ràn án. Igi béésíbọ́ọ̀lù ò ràn án. Ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé Paula, ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé yẹn, gbàdúrà. Ó gbà á, ó tún gbà á. Bó ṣe ń gbà á ni àwọn èèyàn tí wọ́n ti bá pàdé lọ́nà, títí kan ìyá Ness, ń rántí wọn níbi tí kálukú wà, tí àwọn náà ń gbàdúrà. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ọmọ tó ń gbá géèmù náà gan-an: wọ́n ti béèrè orúkọ rẹ̀ láàárín eré láìsọ ìdí, orúkọ yẹn ni wọ́n wá pè.

Itoi kì í ṣe ajíhìnrere, wọn ò sì pe Jésù níbẹ̀. Mi ò ní sọ géèmù di ìwàásù. Ohun tí mo rí ni pé láti 1882 ni wọ́n ti ń wá agbára tó wà nínú èèyàn nìkan, pẹ̀lú káàdì, pẹ̀lú owó ìjọba, pẹ̀lú ṣíbí. Nígbà tí ìtàn náà sì dé ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọmọdé, ó rí i pé agbára yẹn ò ní tó, pé àfi kẹ́nì kan ké pe ẹlòmíràn.

Irú àwọn géèmù yìí ò tíì tán. Psychonauts jáde lọ́dún 2005, nípa ọmọ tó sá nílé torí ó rò pé bàbá òun kórìíra ẹ̀bùn òun. Ìgbẹ̀yìn ló mọ̀ pé bàbá náà fẹ́ràn òun. Control jáde láti Finland lọ́dún 2019. Òmíràn á tún jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ohun tó ń gbá, kẹ́ ẹ sì jókòó wò ó. Èyí tí ò yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìdí. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ọdún méje bá na ọwọ́ sí ife tó ní kó dìde, eré ló ń ṣe. Ẹ má pè é lájẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin náà mọ iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti lé sí títì nílẹ̀ wa. Ó burú débi pé ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2008. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé kí n lé ẹ̀mí jáde, bàbá ọmọ náà ni mo máa kọ́kọ́ béèrè, àti ìgbà tó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Kí Olúwa bá wa tọ́ wọn. Géèmù wo làwọn ọmọ tiyín ń gbá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.