Láti Igi Gbígbẹ́ dé Bàálù Fàdákà: Ìtàn Iṣẹ́ Àwòṣe ní Ìlú Èkó

Iṣẹ́ àwòṣe, ìyẹn ṣíṣe ohun kékeré ní ìrísí ohun ńlá débi pé ẹni tó bá rí i yóò mọ ohun tí wọ́n wò ṣe é, ti fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá kí bàálù tó mọ ọ̀nà Èkó. Ẹni tó bá rí àwòṣe bàálù ajagun tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn lè kà á sí iṣẹ́ àfipawọ́ àwọn ará Yúróòpù nìkan, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ta ẹ̀yà oníke rẹ̀ nínú páálí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ Erékùṣù Èkó wò fínnífínní, a ó rí i pé ìṣòro mẹ́ta tó ń kojú ẹni tó ń ṣe bàálù kékeré, ìyẹn bí yóò ṣe pín in sí ẹ̀yà, ìwọ̀n tí yóò lò, àti bí yóò ṣe mú ojú rẹ̀ dán, kò ṣàjèjì sí àwọn agbẹ́gilére wa rárá, wọ́n sì ti yanjú wọn ní ìlànà tiwọn.

Ìlú Èkó fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ìlànà náà tètè bá ẹ̀rọ pàdé. Ìsàlẹ̀ Èkó, tó yí Ìgà Ìdúngànràn tí í ṣe ààfin Ọba Èkó ká, wà lára àwọn àdúgbò tó pẹ́ jù lọ ní erékùṣù náà. Nígbà tó fi di ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n padà wálé láti oko ẹrú ní Bùràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn, ti tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tó gún régé dání. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Káfíńtà tó ń jẹ́ Balthazar dos Reis gba àmì ẹ̀yẹ idẹ níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, nítorí tábìlì kan tó fi ègé igi aláwọ̀ oríṣiríṣi tò lójú. Ìlú tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọ̀ wá: iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896, Afárá Carter so erékùṣù náà mọ́ òkè odò ní 1901, ọkọ̀ irin kékeré tí wọ́n ń pè ní tíráàmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìlú ní 1902. Ohun tí babańlá kò rí rí ń gba iwájú ilé kọjá lójoojúmọ́, àwọn tó ń fi igi sọ̀rọ̀ sì ní láti wá bí wọn yóò ṣe sọ ọ́.

Ìlànà tí wọ́n bá nílẹ̀ ní ìpele mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn agbẹ́gilére fúnra wọn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké la igi sí ìrísí gbàǹgbà, tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò kàn dá yàtọ̀ síra. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrísí gbàǹgbà náà sí ẹ̀yà kéékèèké, kí ojú, etí àti ìka tó jáde. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ àti ewé eépín ṣe, ìyẹn ewé igi kan tí ojú rẹ̀ le háráhárá tó sì ń pa igi gẹ́gẹ́ bí sáńpépà ṣe ń pa á. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí orí ọ̀bẹ ti ń fa ìlà irun, ilà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Ẹ̀yìn èyí ni àwọ̀ ń dé: osùn, ẹfun, àti búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà fún fífọ aṣọ, èyí tí ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére fi ń kun irun ère ìbejì. Lílo búlúù aláṣọ fi hàn pé oníṣọ̀nà kò kọ ohun tí ọjà tuntun bá gbé dé, bí ó bá ṣáà ti lè jẹ́ iṣẹ́ tó fẹ́ fi rán an.

Ọkùnrin tó fi ìlànà yìí sọ ìtàn Èkó ti ayé òyìnbó jù lọ ni Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 20. Ère kéékèèké tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àmúnisìn àti àwọn àlejò ló sì ń rà á jù. Ó gbẹ́ agbẹjọ́rò, ó gbẹ́ míṣọ́nnárì, ó gbẹ́ ọ̀gá àgbègbè, ìyẹn òyìnbó tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ẹkùn kan, pẹ̀lú akẹtẹ̀ líle tí wọ́n ń dé nítorí oòrùn. Bí a bá mú ọ̀kan nínú àwọn ère wọ̀nyí lọ́wọ́, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ hàn. Èkíní ni pé kì í ṣe igi kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́, nítorí pé ohun bí akẹtẹ̀, agbòòrùn tàbí ìkòkò tábà jẹ́ ẹ̀yà tí ó gbẹ́ lọ́tọ̀, tó wá kì bọ àyè rẹ̀. Èkejì ni pé àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: íǹkì dúdú, íǹkì pupa àti pólíṣì funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà ni ó ń lò, ó sì ń fi igi mímọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ ní àwọ̀ ara rẹ̀ níbi tó bá yẹ. Ohun tó wà lórí tábìlì akọ̀wé àti lẹ́sẹ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló fi kun àwòrán akọ̀wé àti ọ̀gá.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ra ère wọ̀nyí rò pé ẹ̀fẹ̀ ni oníṣọ̀nà náà ń fi wọ́n ṣe, nítorí pé orí àwọn ère náà tóbi ju ara lọ. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1957, ṣàlàyé pé Ona kò ní ẹ̀fẹ̀ lọ́kàn. Bí ó ṣe rí wọn ló ṣe gbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbòǹgbò iṣẹ́ àwòṣe. Orí ènìyàn gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ère Yorùbá ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé orí ni ìpín ènìyàn wà. Bákan náà, nínú ère ẹlẹ́ṣin, ẹṣin kì í tó ẹni tó gùn ún, nítorí pé ẹni náà ló ni iyì. Ìwọ̀n wà nínú iṣẹ́ náà, ìwọ̀n náà sì ní òfin, ṣùgbọ́n ipò àti iyì ló ń díwọ̀n, kì í ṣe ọ̀pá ìdíwọ̀n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde mìíràn ló mú ìwọ̀n kejì, ìyẹn ti ọ̀pá ìdíwọ̀n, wọ ilé ẹ̀kọ́ Èkó. Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní 1882, kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1920 sí 1922, ó sì padà wá fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, King's College wà lára wọn. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni bí ohun ṣe ń kéré lójú bí ó ṣe ń jìnnà, àti bí ènìyàn ṣe lè fi ìlà àti ìṣirò gbé e kalẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, Onabolu sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ já wọn nírọ́. Bí ìwọ̀n méjèèjì ṣe wà ní Èkó ní àkókò kan náà nìyẹn, tí àwọn ọmọ ìlú kan náà sì gbé wọn dúró.

Ìwọ̀n ọ̀pá yìí ni àwòṣe bàálù rọ̀ mọ́. Ní 1936, ọdún tí bàálù ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Nàìjíríà, ni ilé iṣẹ́ Frog ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòṣe bàálù oníke tó wà ní ẹ̀yà nínú páálí, ní ìwọ̀n 1/72, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó bá gùn ní ìlọ́po 72 lójú ayé ni àwòṣe yóò fi ìlọ́po kan ṣojú fún. Bàálù ajagun Hurricane, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12 àti díẹ̀ láti ṣóńṣó kan dé èkejì, yóò di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17. Kò pẹ́ tí ojú sánmà Èkó fi rí Hurricane gidi. Láti oṣù Kẹsàn-án 1940 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó bàálù nínú àpótí wá sí èbúté Takoradi ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, tí wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, tí bàálù náà yóò sì fò gba Èkó, Kánò àti Màídúgùri lọ sí Khartoum títí dé Káírò, ìrìn àjò nǹkan bí kìlómítà 6,000. Bàálù elérò kan ṣoṣo ni Hurricane, kò sí ẹni tí yóò máa bá awakọ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà, nítorí náà ni wọ́n fi ń ní kí bàálù Blenheim tó tóbi jù ú lọ ṣíwájú wọn, kí ó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Àwọ̀ fàdákà lára bàálù ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tó jẹ́ aṣọ ni wọ́n fi ń bo egungun ìyẹ́ bàálù, wọ́n a fi ọ̀dà tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú alumíníọ́ọ̀mù mọ́ kun aṣọ náà, kí ìtànṣán oòrùn má baà jẹ ẹ́ run. Ogun dé, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ọ̀tá má baà tètè rí i. Nígbà tó sì di 1944, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣíwọ́ kíkun ọ̀pọ̀ bàálù wọn, nítorí pé ọ̀dà ní ìwúwo tó ń dín eré kù. Síbẹ̀, bàálù ajagun P-51 fi hàn pé fàdákà kan kò jọ èkejì: ara rẹ̀ jẹ́ irin tí wọn kò kùn rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun àfidí dí ojú oríkèé ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n fá a kí ó dán, wọ́n sì fi ọ̀dà fàdákà kùn ún kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àwòṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú fàdákà méjì jáde lára bàálù kan, kí ti ara máa kọ mànà, kí ti ìyẹ́ sì rọ̀ jù ú lọ.

Iṣẹ́ yìí gba sùúrù ju àwọ̀ mìíràn lọ, nítorí pé ọ̀dà fàdákà kì í bo àbùkù. Ipa sáńpépà kan ṣoṣo, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù tó yọ díẹ̀ lójú oríkèé, tàbí ìka tó fọwọ́ kan ọ̀dà kí ó tó gbẹ, gbangba ni yóò hàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fá ojú ike náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n á kọ́kọ́ kun ọ̀dà dúdú tó ń dán sí abẹ́, kí wọ́n tó wá fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e léraléra. Ìpele kẹta àwọn agbẹ́gilére ló tún padà wá yìí. Nígbà tí Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wádìí lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, dídán ojú ère wà lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, jíjọra pẹ̀lú wà níbẹ̀, ìyẹn pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ẹ̀rí pé àwọn oníṣọ̀nà wa kò sá fún bàálù wà lórí ère tí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń dé sórí, nítorí pé àwọn agbẹ́gilére ti gbé bàálù, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù lé orí ère náà. Ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé pẹ̀lú, tí wọ́n ti ń fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò láti ìgbà pípẹ́, tí páànù agolo náà fúnra rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà láìlo ọ̀dà.

Ohun tí ìtàn yìí fi múlẹ̀ ni pé ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní iṣẹ́ àwòṣe nígbà kankan. Àìtọ́jú orúkọ ni àléébù ibẹ̀. Orúkọ Ona là nítorí pé ẹnì kan béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí àìmọye ère mìíràn wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Oníkan ní 1957, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún akitiyan Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí Pópó Àgùdà àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó yẹ kí iṣẹ́ Ona àti ti Onabolu dúró sójú kan níbẹ̀, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ to bàálù fàdákà tirẹ̀ lè wo ìwọ̀n iyì àti ìwọ̀n ọ̀pá pọ̀, kí ó sì mọ̀ pé ìlú òun ti ní ọ̀gá nínú méjèèjì.